Epo Tí Kò Gbà Láti Di Ọṣẹ

Nígbà tí mo ṣì kéré ní Mákùn, bí bàbá mi bá jẹun alẹ́ tán, iwájú yàrá ìyá mi ni wọ́n máa ń gbé àpótí ìjókòó wọn wá. Kì í ṣe pé ìyá mi lẹ́wà ju àwọn orogún wọn lọ o. Àtùpà wọn ló ń mọ́lẹ̀. Àdín là ń dà sínú àwo amọ̀ nígbà náà, òróró dúdú tí a ń yọ lára ekùrọ́, a ó wá ki òwú bọ̀ ọ́. Ìyá mi mọ àdín yọ, wọ́n sì mọ ọṣẹ sè, nítorí náà àwa la ni bàbá ní ìrọ̀lẹ́. Mo máa ń jókòó sẹ́bàá ẹsẹ̀ wọn, n ó sì máa wo ọmọ àwọn ìyá yòókù bíi pé wọn ò sí níbẹ̀.

Àfi bí bàbá ṣe fẹ́ ìyàwó tuntun, ọmọ oníṣòwò obì tó ti gbé Èkó rí. Àtùpà onígíláàsì ló gbé wọlé, pẹ̀lú agolo epo òyìnbó. Ẹ̀yin tí ẹ ń rà á lójoojúmọ́, ẹ ò lè mọ bó ṣe rí lójú wa. Epo náà mọ́ gaara bí omi, ó ń rùn tó bẹ́ẹ̀ tí ewúrẹ́ fi ń sá fún un, síbẹ̀ iná rẹ̀ funfun, kì í ta pàrà bíi ti àdín. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, bàbá gbé àpótí wọn kọjá ẹnu ọ̀nà wa. Wọn ò tilẹ̀ wò wá. Owú yẹn mú mi débi pé mo gbé oúnjẹ alẹ́ mi fún ajá. Wọ́n ní òjòwú kì í lẹ́ran láyà. Ẹ wo èmi náà, ẹ ó mọ̀ pé òótọ́ ni.

Ìyá mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ohun tí wọ́n rò ni pé bí iná epo yìí bá lè funfun báyìí, ọṣẹ tí a bá fi sè yóò funfun jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí obìnrin tó tíì sè é rí ní gbogbo Rẹ́mọ, bàbá á sì padà sẹ́nu ọ̀nà wa. Wọ́n kó ọṣẹ fún àwọn tó ń ti Ìkòròdú bọ̀, wọ́n fi gba epo òyìnbó.

Mo ní, "Ìyá mi, ṣé epo yìí á gbà?"

Wọ́n ní, "Epo lepo ń jẹ́. Koná sí i."

A da omi eérú sínú ìkòkò ní ebu tí a ti ń se ọṣẹ, a da epo náà lé e. Ká ní àdín ni, ì bá ti máa ki. Epo òyìnbó léfòó ní tirẹ̀. Bí ìyá mi bá rò ó wọlẹ̀, á tún gòkè. Wọ́n rò pé iná ni kò tó, wọ́n ki igi sí i, ni iná bá fò láti ìdí ìkòkò gba orí epo. Ìyá mi bu omi lù ú. Iná gun orí omi, ó ń ṣàn lọ sídìí ògiri, bẹ́ẹ̀ koríko ni òrùlé.

Ìyàwó tuntun ló sáré dé, tó ń fi ọwọ́ méjèèjì da iyẹ̀pẹ̀ lé e. Ó ní, "Ìyáálé mi, ẹ má bu omi mọ́. Epo yìí ò bẹ̀rù omi, iyẹ̀pẹ̀ ni kí ẹ kó." A jọ kó o, iná sì kú. Ó ti jó ìyá mi lọ́wọ́ ọ̀tún.

Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, ìyàwó tuntun gbé àtùpà rẹ̀ wá sẹ́nu ọ̀nà wa, ó ń fi òrí pa ọwọ́ ìyá mi. Ó ní, "Ọṣẹ yín ni mo fi ń fọ èéfín kúrò lára gíláàsì yìí láràárọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, àdín ni kí ẹ máa fi sè é." Ìyá mi rẹ́rìn-ín díẹ̀. Kò pẹ́ la gbọ́ tí bàbá ń wọ́ àpótí wọn bọ̀. Ojú ibi tí wọ́n máa ń jókòó sí tẹ́lẹ̀ gan-an ni wọ́n jókòó sí.

Ìyá mi rọra bi mí pé, "Ṣé èmi ni wọ́n wá bá, àbí iná?"

Ayé ti yí, ẹ̀yin ọmọ mi. Àtùpà wà ní yàrá kálukú báyìí, kò sì sẹ́ni tó ń yọ àdín fún iná mọ́. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, oníkálukú a tan tirẹ̀, a sì ti ilẹ̀kùn. Èmi náà máa ń tan tèmi, n ó fọ gíláàsì rẹ̀ títí yóò fi mọ́ kedere, n ó sì ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀. Ìyá mi ni mo wá ń jowú nísinsìnyí. Nítorí iná ni o, nítorí tiwọn ni o, ẹnìkan ṣáà gbé àpótí wá bá wọn.