Bí Mo Ṣe Jó Pùrósẹ́sọ̀ Ẹ̀gbọ́n Lọ́jọ́ Ìdánwò

Wáyà rẹ̀ ló gùn, ìyẹn nìkan ni mo rí tí mo fi ṣìṣe. Ẹ̀gbọ́n tó ń tún gìtá ṣe ní Apakun ló yá mi ní pùrósẹ́sọ̀ rẹ̀, àpótí iná kan tó ń tún ohùn gìtá ṣe. Ó fi àdápítọ̀ tó ń gbé iná fún un sínú àpò kan náà, ó sì kìlọ̀ fún mi pé mi ò gbọdọ̀ fi òmíràn tàn án. Mo ní mo ti gbọ́. Nígbà tó di àárọ̀ Sátidé, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì kí n lè fara balẹ̀ dán an wò, wáyà àdápítọ̀ náà ò sì dé ọ̀dọ̀ mi. Kàkà kí n dìde, mo na ọwọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo fa àdápítọ̀ kíbọ́ọ̀dù àtijọ́ kan jáde. Wáyà tirẹ̀ gùn bí ìwàásù. Mo ki ẹnu rẹ̀ bọ ìdí àpótí náà, ó sì wọ̀ ọ́ ṣinṣin.

Iṣẹ́ plọ́ńbà ni mò ń ṣe. Lọ́dọ̀ tiwa, bí ẹnu páìpù kan bá ti wọ ìkejì, omi á lọ. Ta ló sọ fún mi pé iná tún ń ṣàṣàyàn, pé ti gìtá ń gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, ti kíbọ́ọ̀dù sì ń gba àárín? Wọ́n tilẹ̀ ya àwòrán rẹ̀ sára àdápítọ̀ méjèèjì, àmì àròpọ̀ àti àmì àyọkúrò, mo rí i lẹ́yìn tí nǹkan ti bàjẹ́. Ìwé mẹ́fà tí mo kà, a ṣe àròpọ̀ àti àyọkúrò níbẹ̀ dáadáa. Mi ò kàn rò pé wọ́n máa bi mí lórí bẹ́ẹ̀dì.

Iná pupa kan tàn lójú àpótí náà, ó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, ó kú. Òórùn díẹ̀ jáde, bí ìgbà tí ẹ̀wà bá fẹ́ jóná ní ìsàlẹ̀ ìkòkò. Mo fa wáyà yọ. Mo pè é. Àní mo pè é, bí ẹni ń pe ẹni tó dákú.

Ẹni tí kì í ta gìtá lè máa rò pé kí ló wá ṣẹlẹ̀. Gìtá oníná kì í dún fúnra rẹ̀. Láyé àtijọ́, ámpù ni a máa ń gbé kiri, ẹrù tó lè ba ẹ̀yìn ènìyàn jẹ́, òun ló ń sọ ohùn gìtá di ńlá. Pùrósẹ́sọ̀ jẹ́ àpótí tí kò ju Bíbélì ńlá lọ, tí a ń fẹsẹ̀ tẹ̀, tó sì mọ bí a ṣe ń sín ohùn ámpù lóríṣiríṣi jẹ. Ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìsọlọ̀ ti kó ámpù kúrò lórí pèpéle ní oṣù tó ṣáájú. Wọ́n ní ariwo rẹ̀ ti pọ̀ jù, kí gbogbo gìtá máa gba inú míksà, ẹ̀rọ tó ń pa gbogbo ohùn pọ̀, lọ tààrà. Àǹtí tó ń darí akọrin wá pe èmi àti ọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dara pọ̀ mọ́ wa, ó ní ká wá ní aago mẹ́ta ọ̀sán Sátidé yẹn kí òun gbọ́ àwa méjèèjì. Ẹnì kan ṣoṣo ló máa jókòó sórí àga onígìtá.

Ọdún méjìlélógún ni mo ti fi jókòó sórí àga yẹn. Láàárín ọ̀sẹ̀, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn ará Ire-Akari ni mò ń tún ṣe, “plọ́ńbà, ó tún ti dí o” sì ni wọ́n fi ń kí mi. Ọjọ́ Sọ́ńdè nìkan ni ẹnikẹ́ni ń wo ojú mi láìjẹ́ pé omi ń jò nílé wọn. Tí wọ́n bá gba àga yẹn, mi ò mọ ẹni tí màá jẹ́ mọ́.

Nítorí náà, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Mo gbé pùrósẹ́sọ̀ olóhun, mo rì í sínú ike ìrẹsì, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe fóònù tó bá já sómi. Ìyàwó mi bá mi níbẹ̀, ó béèrè bóyá omi ló kàn án. Mo ní rárá o. Ó wo ìrẹsì, ó wò mí, ó ní kí n ṣáà yọ ọ́ kí òun tó dáná ọ̀sán.

Ẹ̀rù ní ọgbọ́n tirẹ̀. Tèmi sọ fún mi pé kí n má sọ fún Ẹ̀gbọ́n, kí n lọ sí Òṣòdì, kí n wá irú àpótí náà lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ohun èlò orin tòkunbọ̀, kí n fi rọ́pò, kí n sì kú pẹ̀lú àṣírí náà. Mo gbé gìtá kọ́ ẹ̀yìn, mo lọ. Ọkùnrin tó ń tà á kó mẹ́rin síta fún mi, kò sí èyí tó jọ ti Ẹ̀gbọ́n nínú wọn. Ọ̀kan tilẹ̀ wà tí mo ń yí sókè yí sódò, tí mò ń rò ó bóyá Ẹ̀gbọ́n máa gbà pé àwọ̀ rẹ̀ ló ṣí láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Ọlọ́jà náà ní kí n fi gìtá mi hàn òun. Ilẹ̀ Ṣáínà ni wọ́n ti ṣe é, ẹni tó ni ín ṣáájú mi ti fi ọ̀dà pa orúkọ orí rẹ̀ rẹ́. Ó fọwọ́ kan okùn rẹ̀, ó yínmú. Ó ní àwa onígìtá Èkó, olórí àìsàn wa nìyí: okùn ti ga kúrò lọ́rùn gìtá bí okùn tí wọ́n ń sáṣọ sí, a ò tún un ṣe, pùrósẹ́sọ̀ la ń wá kiri bí oògùn. Mo fẹ́ bá a jiyàn, àmọ́ òótọ́ ló sọ, àti pé aago ti lé ní méjìlá.

Mo fẹsẹ̀ rìn láti ibẹ̀ dé Apakun, àpótí tó ti kú wà nínú àpò lábẹ́ abíyá mi. Gbogbo ọ̀nà ni mo fi ń to irọ́. Iná ló wá lójijì. Ọmọ alájọgbélé ló fọwọ́ kàn án. Nígbà tí mo fi dé ṣọ́ọ̀bù Ẹ̀gbọ́n, mo ti ní irọ́ mẹ́ta tó dára, mi ò sì mọ èyí tí màá kọ́kọ́ pa.

Mo bá Ẹ̀gbọ́n àti ọ̀rẹ́ wa kan nídìí àríyànjiyàn. Tíṣà ni ọ̀rẹ́ wa yìí, ó sì fẹ́ràn pẹ́dà, àwọn àpótí kéékèèké tó jẹ́ pé iṣẹ́ kan ṣoṣo ni ìkọ̀ọ̀kan ń ṣe sí ohùn gìtá. Ó ti kan márùn-ún mọ́ pátákó kan, ó ń gbé e kiri bí ẹni tó ń kiri burẹ́dì. Lójú tirẹ̀, kò sí bí pùrósẹ́sọ̀ ṣe lè sín ohùn jẹ tó tí kò ní jẹ́ ayédèrú.

Tíṣà ní, “Fọ́tò oúnjẹ ni. Ẹ rí ẹran níbẹ̀ lóòótọ́, ẹ wá bù ú jẹ.”

Ẹ̀gbọ́n dá a lóhùn pé, “Fọ́tò tèmi kì í kan bí ọbẹ̀. Ìwọ tó o to márùn-ún kalẹ̀, tí ọ̀kan bá kú lára wọn, wọ́n á ti ṣe oore-ọ̀fẹ́ ìparí ìsìn kó o tó mọ èyí tó kú.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo tún àpò náà há mọ́ abíyá. Ẹ̀gbọ́n wá kọjú sí mi, ó ní kí n wá jẹ́rìí òun níwájú Tíṣà, kí n sọ bó ṣe dún. Irọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fò lọ lórí mi bí ẹyẹ. Mo gbé àpò náà sórí tábìlì, mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, mo ti jó o.” Mo wá sọ gbogbo rẹ̀, bẹ́ẹ̀dì, wáyà gígùn, àdápítọ̀ kíbọ́ọ̀dù.

 Ẹ̀gbọ́n mú ìtúsóòkò, irin tó fi ń tú ìdè, ó ṣí ìdí àpótí náà. Ẹyọ ìrẹsì méjì bọ́ sórí tábìlì. Tíṣà bi í láti ibi tó jókòó sí pé ṣé wọ́n ti ń tà á pẹ̀lú oúnjẹ ni. Ẹ̀gbọ́n tẹ orí wọ inú àpótí náà. Lẹ́yìn náà ló fi ẹnu ìtúsóòkò tọ́ka sí ohun dúdú kan, tí kò tó ìrẹsì náà, tó ti bẹ́ sí méjì. Ó ní ohun tí wọ́n fi ṣọ́ ẹnu ọ̀nà iná nìyẹn, kí irú èmi má bàa pa gbogbo ilé. Àwọn tó kù ò fara pa. Ó máa wá irú rẹ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè.

Ọjọ́ Mọ́ńdè. Aago kan àti ààbọ̀ ọ̀sán Sátidé la wà.

Ohun tó dùn mí jù ni pé kò pariwo mọ́ mi. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bú mi.”

Ó ní, “Mo ti bú ẹ tán nínú. Gbé gìtá ẹ wá.”

Ó rẹ okùn gìtá náà sílẹ̀ mọ́ ọrùn rẹ̀, ó fọ ojú ihò tí wáyà ń gbà wọlé, ó ní kí n gba inú míksà lọ bẹ́ẹ̀, láìfi nǹkan kan sí àárín. Tíṣà yọ pẹ́dà kan lára pátákó rẹ̀, ó nà án sí mi. Mo kọ̀ ọ́. Mo ti pa ẹyọ kan lọ́jọ́ yẹn, ó tó mi.

Ní aago mẹ́ta, ọkùnrin kejì ti wà lórí pèpéle. Kò tíì pé ogójì ọdún, ó sì bọ̀wọ̀ fún mi, èyí tó jẹ́ kó ṣòro fún mi láti kórìíra rẹ̀. Pùrósẹ́sọ̀ tirẹ̀ tó ojú fèrèsé. Nígbà tó ta okùn kan, ohùn rẹ̀ kún gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì, ó fẹ̀, ó jinlẹ̀, àfi bí ẹni pé gbọ̀ngàn náà ń mí. Lẹ́yìn náà ni mo ta tèmi. Ká fi ṣíbí lu agolo mílíìkì ni. Ẹni tó wà nídìí míksà gbé orí sókè, ó wò mí bóyá wáyà mi ló já. Òógùn ń ṣàn wọ inú ṣòkòtò mi. Mo ti ń wo àga àwọn ìjọ, mo ń yan ibi tí màá máa jókòó sí, lẹ́yìn òpó kan, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní rí mi.

Àǹtí ò sọ kíì kankan, ibi tí ohùn orin ti máa gbéra, fún wa. Ó kàn gbé orin, ó ń kọ ọ́ lọ. Nígbà tó tún yá, ó já orin náà síbi tó wù ú, ó gbé òmíràn, èyí tó ga jù ú lọ, ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Mo rí ọkùnrin kejì tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tó ń wá ohùn tó tọ́ lójú àpótí rẹ̀, tó ń tẹ ibí, tó ń tẹ ọ̀hún. Èmi ò ní ohun tí mo lè tẹ̀. Ọ̀nà ọ̀fun Àǹtí nìkan ni mo rí wò, mo sì ń sá tẹ̀ lé e bí ẹni tí ajá ń lé. Gbogbo ohun tí mo ń gbọ́ ni agolo mílíìkì mi.

Nígbà tó ṣíwọ́, mi ò dúró de ìdájọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí ká wáyà mi. Àǹtí sọ̀ kalẹ̀ láti orí pèpéle, ó dúró níwájú mi, ó rọra sọ̀rọ̀ kí àwọn tó kù má bàa gbọ́.

“Dádì, ohùn gìtá yín ò dáa lónìí, mi ò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo yí orin padà láìsọ fún ẹnikẹ́ni, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà ni mo bá yín níbẹ̀. Aago méje ni kẹ́ ẹ ti wà lórí àga yín lọ́la o.”