Ọ̀gá Iwájú Dígí

Mo ti sá kúrò nílé ìwé ní Ṣakí, ṣùgbọ́n mo ní ìwé kan tó sọ pé téèyàn bá ń dúró síwájú dígí láràárọ̀, tó ń pariwo lóyìnbó pé ọ̀gá lòun, á di ọ̀gá. Mò ń pariwo. Mo tún ṣe irun jẹ́rì kọ́ọ̀lù, òróró ń kán sí mi lọ́rùn bí ẹran súyà. Ìyá mi nìkan ló kù tó gbà pé n ó ṣì dèèyàn.

Lọ́jọ́ ọdún, a lọ wo tẹlifíṣàn nílé nọ́ọ̀sì àdúgbò wa. Ètò àkànṣe ni, wọ́n ń fi gbogbo àṣà tuntun ṣe yẹ̀yẹ́. Aláwàdà kan jáde, òróró ń kán lórí ẹ̀, ó dúró síwájú dígí, ó pariwo tèmi gẹ́lẹ́, ó sì túmọ̀ ẹ̀ sí Yorùbá. Gbogbo pálọ̀ kọjú sí mi.

"Ọ̀gá, ẹ mà kú iṣẹ́ o!" ni nọ́ọ̀sì wí.

Inú bí mi burúkú. Àwọn ará tẹlifíṣàn kàwé yanjú tán, wọ́n tún fẹ́ gba dígí lọ́wọ́ òpònú tí kò kà á! Kí ni mo fi ṣe wọ́n? Mo yíjú sí ìyá mi pé kó gbèjà mi.

"Ìyẹn lò ń pariwo ẹ̀ láràárọ̀?" ló wí. "Mo ṣe bí àdúrà ni, mo sì ń ṣe àmín lẹ́yìn ilẹ̀kùn!"