Sàlàhúdíìnì Tó Ṣí Mítà Kúrò Lẹ́nu Ọ̀nà

Bí ẹ bá dé Láfẹ́nwá tí ẹ béèrè Ẹ̀ńjíníà Sàlà, wọn yóò mú yín lọ bá bàbá pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tí kò kàwé kọjá alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Sàlàhúdíìnì lorúkọ rẹ̀, páìpù ló sì ń so láti ìgbà èwe. Alágídí ni, bóòtù páìpù kan ṣoṣo tí wọn kò dì le dáadáa lè bà á nínú jẹ́ fún odidi ọjọ́ kan. Èmi Morónkẹ́ kò lè dárúkọ rẹ̀ kí n má dúpẹ́.

Èmi ni mò ń dáná bọ́ílà nílé-iṣẹ́ sítáàṣì ẹ̀gẹ́ kan lọ́nà Owódé. Bọ́ílà ló ń se omi di ooru tí à ń pè ní sítíìmù, páìpù á sì gbé e lọ síbi tí a ti ń mú sítáàṣì gbẹ. Lọ́dún tó kọjá, ọ̀gá wa, Ọ̀gbẹ́ni Ọlálẹ́yẹ, ra mítà tí yóò máa ka iye sítíìmù tó ń kọjá. Wọ́n pe Bàbá Sàlà pé kó wá so ó. Bàbá ní òkè lápá ẹ̀yìn ló yẹ ẹ́, níbi tí páìpù ti lọ gbọọrọ. Ọ̀gá ní rárá o, ẹnu ọ̀nà ni, kí àlejò lè máa rí i. Ẹnu ọ̀nà yẹn gan-an ni páìpù ti ṣẹ́ kọ́nà, fáàfù tí a fi ń ṣí sítíìmù tí a sì fi ń tì í wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bàbá ráhùn títí, ó so ó síbẹ̀.

Kò pé oṣù kan tí wàhálà fi dé. Mítà ní sítíìmù díẹ̀ ni mò ń ṣe, bẹ́ẹ̀ dísẹ̀lì tí mo fi ń dáná bọ́ílà pọ̀. Ọ̀gá pè mí sí ọ́fíìsì, ó ní ibo ni mò ń gbé ìyókù dísẹ̀lì lọ. Èmi tí mo ti sìn wọ́n fún ọdún mọ́kànlá. Ó gba kọ́kọ́rọ́ yàrá dísẹ̀lì lọ́wọ́ mi, ó ní bí n kò bá rí àlàyé ṣe títí ọjọ́ Jímọ̀, ọlọ́pàá ni yóò bi mí. Àwọn tí a jọ ń jẹun lọ́sàn-án kò jókòó tì mí mọ́. Ó dùn mí wọra.

N kò mọ ẹni tó lọ sọ fún Bàbá Sàlà. Ní Ọjọ́bọ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ránṣẹ́ pè é, ó ti dé. Ó yí mítà ká, ó ní kí wọ́n pe ọ̀gá àti gbogbo òṣìṣẹ́.

"Ẹ fi Morónkẹ́ sílẹ̀," ó ní. "Èmi ni mo gbé mítà síbi tí kò yẹ. Bí sítíìmù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yí kọ́nà, ńṣe ló máa ń yí gbirigbiri, mítà ò lè kà á bó ṣe yẹ. Mo mọ̀, mo ṣì so ó síbẹ̀."

Ọ̀gá doríkodò. Gbogbo wa la mọ ẹni tó ní kó gbé e síbẹ̀, ṣùgbọ́n Bàbá kò dárúkọ ẹnikẹ́ni.

A pa bọ́ílà, páìpù tutù, Bàbá gbé mítà lọ sókè lápá ẹ̀yìn. Ó fi okùn wọn ìbú páìpù, ó ní kí sítíìmù tó dé mítà, ó gbọ́dọ̀ rìn tààrà níwọ̀n ìbú náà lọ́nà ogún. Ó yẹ ọfà ara mítà wò kó lè kọjú síbi tí sítíìmù ń lọ. Ó fi ìka tọ etí gásíkẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ohun tí wọ́n fi ń dí ojú ìsopọ̀, kó má baà yọ sínú páìpù. Ó tún so ẹ̀rọ kékeré tó ń da omi nù ṣáájú mítà, nítorí sítíìmù tó bá tutù á di omi, omi á sì da mítà lójú rú.

Láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, mítà àti dísẹ̀lì bára mu. Ọ̀gá dá kọ́kọ́rọ́ padà fún mi lójú gbogbo òṣìṣẹ́, ó ní kí n má bínú.

Mo kúnlẹ̀ fún Bàbá. "Ẹ ṣé, Bàbá. Ẹ bò mí láṣìírí."

Ó pòṣé. "Dìde jàre. Orúkọ ẹ ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bà jẹ́. Ṣé kí n wá jókòó sílé ni?"

Àwọn àgbà ní òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Láti ọjọ́ náà, ilé-iṣẹ́ wa kò pe Bàbá síṣẹ́ mọ́; ará Èkó kan tó ń so páìpù ni wọ́n ń pè. Ó mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni yóò rí kó tó la ẹnu ní Ọjọ́bọ̀ yẹn.