Kọmándà Ògúnlékè, Awakọ̀ Òfuurufú Tí Kò Wọ Ọkọ̀ Òfuurufú Rí

Ọjọ́ tí ọ̀gá Léonce, olórí ilé ẹ̀kọ́ kan, gbéra láti Kútọnu wá sí Pobè láti wá gba kọ̀ǹpútà ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ olóògbé Ògúnlékè, ojú òfuurufú ló bá bàbá náà, níbi ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ẹsẹ̀ bàtà. Lójú ẹni tó bá wọlé, orí àga onígi ló jókòó sí nínú yàrá rẹ̀, pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé àti ohun ìgbọ́rọ̀ létí méjèèjì. Lójú tirẹ̀, ọkọ̀ òfuurufú ló ń wà.

"Ẹ káàsán o, bàbá."

Ògúnlékè kò tilẹ̀ yíjú. "Mo ní ọgọ́rin èrò lẹ́yìn. Ẹ lọ jókòó sábẹ́ máńgòrò. Tí mo bá balẹ̀, a ó kí ara wa."

"Bàbá, láti Kútọnu la ti ń bọ̀."

"Láti Parakou lèmi náà ti ń bọ̀, n kò sì tíì dé!"

Gbogbo rẹ̀ ni Latifath ń gbọ́ lórí ẹ̀rọ ní ilé ẹ̀kọ́ náà ní Kútọnu, nítorí òun ni akẹ́kọ̀ọ́ tó ń darí ọkọ̀ náà lọ́jọ́ yẹn. Ẹ̀rín fẹ́ pa á, ojú sì ń tì í, torí ó mọ̀ pé òun tí kò lè pàṣẹ ni kò jẹ́ kí bàbá balẹ̀. Wákàtí kan gbáko ni ọ̀gá Léonce àti dírẹ́bà rẹ̀ fi jókòó sábẹ́ máńgòrò. Ìyá Ọmọ́báyọ̀, ìyàwó Ògúnlékè, gbé ẹ̀kọ àti ẹja díndín fún wọn. Nígbà tí bàbá balẹ̀ tán, ó jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kí wọn: ẹ kú ìrìn, ẹ kú oòrùn, ẹ kú ojú ọ̀nà, ilé ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ìyẹn náà gba ìdajì wákàtí.

Ọgbọ̀n ọdún ni Ògúnlékè fi tún rédíò ṣe ní pápákọ̀ òfuurufú. Kò wọ ọkọ̀ kankan níbẹ̀ rí, ṣùgbọ́n kò sí ohùn awakọ̀ tí kò lè sín jẹ. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, tó padà sí Pobè, ilé ẹ̀kọ́ àwọn tó ń kọ́ bí a ṣe ń darí ọkọ̀ òfuurufú láti orí ilẹ̀ fún un níṣẹ́. Wọ́n so kọ̀ǹpútà rẹ̀ mọ́ tiwọn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Akẹ́kọ̀ọ́ á pàṣẹ láti Kútọnu, Ògúnlékè á dá a lóhùn bí awakọ̀, á tẹ àṣẹ náà sínú kọ̀ǹpútà, àmì kékeré tó dúró fún ọkọ̀ á sì yí padà lójú ẹ̀rọ. Ìdí tí gbogbo Pobè fi ń pè é ní Kọmándà nìyẹn, ẹni tó bá sì rẹ́rìn-ín sí orúkọ náà níwájú rẹ̀, kò ní í rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀mejì.

Lọ́jọ́ kan, ewúrẹ́ Ìyá Ọmọ́báyọ̀ wọ yàrá, ó sì ké tòò. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Kútọnu béèrè pé, "Kọmándà, ṣé ẹran wà nínú ọkọ̀ ni?"

"Ẹrù ọjà Pobè ni. Fún mi lọ́nà kí n balẹ̀ kó tó jẹ ìjókòó."

Ní òde ẹ̀wẹ̀, kò gun alùpùpù akérò zémíjàn kankan àfi tí ẹni tó ń wà á bá kọ́kọ́ tún ọ̀nà sọ fún un, bí awakọ̀ ṣe ń tún àṣẹ sọ. "Onigbolo ni mò ń lọ. Yà sápá òsì lẹ́yìn ọjà. Tún un sọ." Ọ̀pọ̀ wọn ló sá fún un. Ògúnlékè á fẹsẹ̀ rìn, á sì máa bú wọn lọ.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Latifath ló ká a lára jù. Ọmọ oníṣòwò ni ní Sakété, ilé tí wọ́n ti kọ́ ọ dáadáa pé ọmọdé kì í pàṣẹ fún àgbà. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti kùnà ìdánwò. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni ìkẹyìn. Tó bá tún kùnà, ilé ló ń lọ. Faransé ni wọ́n ń sọ lórí ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ilé Sakété ló ń ti ẹnu rẹ̀ jáde.

"Ẹ káàárọ̀ bàbá, ṣé ara le? Ẹ jọ̀ọ́, tí kò bá ní yọ yín lẹ́nu, ẹ bá mi rọra sọ̀kalẹ̀ díẹ̀."

"Ó ń yọ mí lẹ́nu," ni Ògúnlékè fèsì, ó sì ń fò lọ. Ó kọjá pápá, ó kọjá etíkun. "Mo ti wà lórí òkun o. Epo ń tán. Ṣé kí n kúkú máa lọ sí Brazil?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà, bàbá!"

"Ta ni bàbá rẹ? Ọkọ̀ ni mí!"

Ó sì rì sínú òkun tòun tèrò ọgọ́rin. Ó ní ìwà ọmọlúàbí ló pa wọ́n. Láti ọjọ́ náà, ó ní Latifath kò gbọdọ̀ kí òun mọ́. Ọmọbìnrin náà sunkún, nítorí kò sí èébú tó dùn ún tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ọ̀gá Léonce wá sọ lábẹ́ máńgòrò ni pé òun ti ra ẹ̀rọ kan tó ń dá sọ̀rọ̀ bí awakọ̀, tí yóò gba iṣẹ́ bàbá ṣe.

"Kì í jiyàn, bàbá. Ohun tí wọ́n bá ní kó ṣe ló ń ṣe."

"Á jẹ́ pé kò mọ awakọ̀ rí! Olóríkunkun ni gbogbo wọn. Ẹ fi mí sílẹ̀ kí ọmọ Sakété yìí ṣe ìdánwò. Tó bá yege, ẹ má dé ibí mọ́. Tó bá kùnà, ẹ wá kó kọ̀ǹpútà yín, kí ẹ sì hú máńgòrò náà mọ́ ọn."

Ọ̀gá Léonce gbà.

Lọ́jọ́ ìdánwò, ẹlòmíràn ì bá rọra ṣe jẹ́jẹ́ kí ọmọ lè yege. Kọmándà kọ̀. Ọkọ̀ méjì ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, ohùn méjì ló sì ń fọ̀. Ọkọ̀ kan ti wà lórí pápá, èkejì ń já bọ̀ lé e lórí.

"N óò balẹ̀ báyìí," ni ó fi ohùn ọkọ̀ èkejì wí. "Ó ti rẹ̀ mí, àgbà ni mí."

Àwọn olùdánwò ń wo Latifath. Ó rántí ìyá rẹ̀ tó ń retí rẹ̀ ní Sakété, inú sì bí i lójijì.

"Rárá. Má balẹ̀. Gòkè sí ẹgbẹ̀rún mẹ́rin. Nísinsìnyí!"

Bàbá tún àṣẹ náà sọ bí awakọ̀ gidi. "Mi ò balẹ̀ mọ́. Mò ń gòkè sí ẹgbẹ̀rún mẹ́rin." Latifath yege, kọ̀ǹpútà sì dúró sí Pobè.

Lẹ́yìn ọdún méjì, àìsàn dá Ògúnlékè dùbúlẹ̀. Ó ní òun kò lọ sí ilé ìwòsàn kankan. Ìyàwó bẹ̀ ẹ́, àwọn ọmọ bẹ̀ ẹ́, lémọ́ọ̀mù bẹ̀ ẹ́, fádà náà bẹ̀ ẹ́. Ni Ìyá Ọmọ́báyọ̀ bá pe Latifath, tó ti ń ṣiṣẹ́ ní pápákọ̀ òfuurufú nígbà náà.

"Ọmọ mi, bá a sọ̀rọ̀. Ọkùnrin yìí fẹ́ kú mọ́ mi lọ́wọ́."

Wọ́n gbé fóònù sí i létí.

"Latifath, ṣé dáadáa ni?"

"Má kí mi. Dìde lórí ibùsùn. Wọ bàtà. Wọ mọ́tò tó wà lẹ́nu ọ̀nà, lọ sí ilé ìwòsàn. Nísinsìnyí."

Gbogbo ilé rò pé yóò bú u.

"Mò ń dìde," ni Ògúnlékè wí. "Mò ń wọ bàtà. Mò ń wọ mọ́tò. Ilé ìwòsàn ni mò ń lọ."

Ó sì lọ. Oṣù méje ló tún lò láyé, ó sì fi gbogbo rẹ̀ yọ àwọn nọ́ọ̀sì lẹ́nu. Ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó wá kí i pé ọmọ Sakété kan wà tó ya aláìlójútì, tó ń pàṣẹ fún àgbà bí ẹni ń lé adìẹ. Tó bá sọ ọ́ tán, á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀.

Kò mọ̀ títí ó fi kú pé orí ìkúnlẹ̀ ni Latifath wà, lórí ilẹ̀ gbígbóná lẹ́yìn ibi iṣẹ́ rẹ̀, látìgbà tó ti gbé fóònù yẹn títí ó fi gbé e kalẹ̀.