Òtútù La Ní, A Ò Ní Yìnyín

Láti ọdún mọ́kànlá ni nọ́ọ̀sì yìí ti ń di kíndìnrín nílé ìwòsàn ńlá kan, débi pé kò sẹ́ni tó pè é lórúkọ mọ́. Ìyá Yìnyín ni gbogbo wọn ń pè é. Bí ẹnì kan bá kú, tí ẹbí rẹ̀ sì gbà kí wọ́n fi kíndìnrín rẹ̀ gba ẹlòmíràn là, ọwọ́ Ìyá Yìnyín ni kíndìnrín náà ń bọ́ sí. Yóò fi omi òògùn tútù ṣan ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ dànù títí àwọ̀ rẹ̀ yóò fi ṣí, yóò rọra gbé e sínú ọ̀rá pẹ̀lú omi òògùn náà, yóò fi ọ̀rá kejì bò ó, yóò tún fi ẹ̀kẹta bò ó, kó tó wá tẹ́ ẹ sáàárín yìnyín nínú kúlà.

Ẹ má sì jẹ́ kó bá yín nítòsí o, torí ìwàásù ń bọ̀ nìyẹn. "Òtútù la ní, a ò ní yìnyín! Yìnyín ò gbọdọ̀ fara kàn án. Ibi tó bá ti fara kàn án, ó ti kú nìyẹn, ẹ kúkú gbé e fún ológbò!" Dókítà gbọ́ ọ, awakọ̀ gbọ́ ọ. Màmá agbálẹ̀, tí tiẹ̀ ò ju kó nu ilẹ̀ yàrá iṣẹ́ abẹ lọ, gbọ́ ọ títí ó fi há sí i lórí. Lọ́jọ́ tí màmá náà ṣèèṣì dáhùn pé, "A ti gbọ́, nọ́ọ̀sì," ńṣe ló kanra mọ́ ọn. "Kí lẹ gbọ́? Ẹ gbájú mọ́ ilẹ̀ tẹ́ ẹ̀ ń nù, ẹ jọ̀ọ́."

Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ìyá rẹ̀ kan ṣoṣo, ti ń lọ sídìí ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ fún ọdún mẹ́rin. Ó ti rù kan eegun. Lọ́jọ́ tí kíndìnrín tó bá a mu wá dé, ọ̀gá dókítà ní kí Ìyá Yìnyín lọ jókòó sílé, kí ẹlòmíràn dì í, torí ọkàn rẹ̀ ò ní lélẹ̀. Ó fárígá.

"Ta lẹlòmíràn ọ̀hún? Kí wọ́n wá bá mi ba kíndìnrín àbúrò mi jẹ́? Láéláé!"

Ọ̀gá dókítà mọ ẹnu rẹ̀ dáadáa, ó yọwọ́.

Ó ṣan án, ó dì í, kò sí àbùkù kankan. Àfi bí wọ́n ṣe ní kó ṣì dúró, wọ́n ń fọ ẹ̀jẹ̀ àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́, ó ku wákàtí mẹ́ta. Wákàtí mẹ́ta kẹ̀! Àyà rẹ̀ já. Ó fọwọ́ kan ọ̀rá, ó ní kò tutù tó. Ó tún fọwọ́ kàn án, ó ní ó ti ń lọ́wọ́ọ́rọ́. Irọ́ ni o, ó tutù rinrin, ọwọ́ tirẹ̀ ló ń gbóná. Ló bá tú ọ̀rá àkọ́kọ́, ó tú èkejì, ó tú ti inú pátápátá, ó wá bu yìnyín ẹ̀kúnwọ́ kó dà á lé e lórí.

"Ẹ dúró ńbẹ̀!"

Màmá agbálẹ̀ ni, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú igi ìnulẹ̀ lọ́wọ́. "Nọ́ọ̀sì, òtútù lẹ ní, ẹ ò ní yìnyín."

Ìyá Yìnyín wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni ń wo ọwọ́ olè. Omi yìnyín ń kán láàárín ìka rẹ̀. Ojú tì í, ẹ̀rù sì bà á. Ó da yìnyín nù, ó tún ọ̀rá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dì, ó dá a padà sínú kúlà. Màmá agbálẹ̀ nu omi tó kán sílẹ̀, ó bá tiẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ kẹfà tí wọ́n fi kíndìnrín náà sí i lára, àbúrò jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó ń ráhùn pé ìtọ̀ ò jẹ́ kóun sinmi. Ẹni tí ò rí ìtọ̀ kankan tọ̀ láti ọjọ́ yìí! Gbogbo ẹni tó bá yà kí i ló ń sọ fún pé, "Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi yìí ni. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n dì bíi tiẹ̀." Ìyá Yìnyín ń wolẹ̀. Màmá agbálẹ̀ wọlé pẹ̀lú garawa rẹ̀. Àbúrò gbé ẹsẹ̀ sókè kó lè ráyè nulẹ̀, kò wojú rẹ̀ rárá, ó ń yin ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ.

Ẹ̀gbọ́n gbá a lẹ́sẹ̀. "Sọ ẹsẹ̀ ẹ kalẹ̀, kó o kí màmá dáadáa. Àwọn ló gba kíndìnrín ẹ sílẹ̀ lọ́wọ́ mi."