Ọṣẹ Ẹ̀gbọ́n Mi Nínú Bíréèkì Ọkọ̀

Kò sí ẹni tó lè bú ọkọ̀ mi lójú mi kó lọ láìgbọ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n èmi fúnra mi kì í yé bú u. Tòkúnbọ̀ funfun ràgàjì kan ni, irú èyí tí àwọn òyìnbó fi ń kó irinṣẹ́ kiri títí yóò fi gbó kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Mo rà á kí n lè máa fi kó búrẹ́dì láti ilé búrẹ́dì mi ní Ọ̀mù-Àrán lọ sí Àrándùn àti Àjàṣẹ́-Ìpo. Ẹni tó tà á fún mi búra pé kò ní àrùn kankan. Oṣù kan kò tíì pé tí rédíétọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Bí a ṣe dí ìyẹn tán, gásíkẹ́ẹ̀tì jó. A ò tíì jáde nínú ìyẹn tí jíà kejì fi bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ fúnra rẹ̀. Okùn ni mo fi so ìlẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́. Ní ti hándíbíréèkì, ó ti kú kí n tó rà á, mo sì ti gbà pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bí i.

Mẹkáníìkì mi jẹ́ bàbá kan tó wá láti Bàbáńlá, ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ó máa ń sọ pé òun lè bá ènìyàn mánééjì ìlẹ̀kùn, òun lè mánééjì àga, àní òun lè mánééjì rédíétọ̀, ṣùgbọ́n òun kì í mánééjì bíréèkì. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ó jáde, ó nu ọwọ́.

“Ìyá Oníbúrẹ́dì, sílíńdà bíréèkì ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì ló ń jò. Ọ́ìlì bíréèkì yín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dà tán. Ìlọrin la ó ti rà á. Ẹ má gbé ẹrù sí i.”

“Bàbá, ọ̀la lọjà Àjàṣẹ́. Ẹ bá mi dá ọgbọ́n sí i.”

“Wàláhì, mi ò ní ọgbọ́n kankan fún bíréèkì.”

Ó sọ iye tí yóò ná mi. Àpò fíláwà méjì ni mo rí nínú owó náà, mi ò rí bíréèkì. Inú bí mi. Mo sọ fún un pé kò sí mẹkáníìkì tí kò mọ bí a ṣe ń jẹun lára obìnrin. Ó na kọ́kọ́rọ́ sí mi, ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Ní ọ̀dọ̀ wa, kò sí awakọ̀ tí kò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe bí ọ́ìlì bíréèkì bá tán lójú ọ̀nà. Wọn a po ọṣẹ mọ́ omi, wọn a dà á sínú ike ọ́ìlì, ọkọ̀ a sì délé. Mo ti fojú ara mi rí i ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Mo lọ sẹ́yìnkùlé. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń gbé lọ́dọ̀ mi láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, òun ló sì ń bá mi ta búrẹ́dì ní Àjàṣẹ́. Ọṣẹ rẹ̀ wà nínú báfù ìfọṣọ. Mo gé ìdajì rẹ̀, mo pò ó títí ó fi yọ́, mo sẹ́ ẹ, mo sì rọ ọ́ sínú ike náà. Mo tẹ bíréèkì, ó le. Mo fi bàbá náà rẹ́rìn-ín.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, a kó búrẹ́dì kún ọkọ̀ dé òrùlé, a tún ti àpò gàrí mẹ́rin mọ́ ọn. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tẹ̀súbáà lọ́wọ́. Ibi tí àwọn ọlọ́pàá dúró sí, mo tẹ bíréèkì, ó mú. Ní oríta, ó tún mú, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi wọlẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mi ò ní purọ́: mo mọ̀ ọ́n lára, mo sì ń lọ. Ọkàn mi ń sọ pé kí n dúró, ẹnu mi ń bá ẹ̀gbọ́n mi sọ̀rọ̀ owó ìwúkàrà.

Lẹ́yìn náà la dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan. Àwọn ọmọ iléèwé ń sọdá nísàlẹ̀. Mo tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ mi kan ilẹ̀ ọkọ̀. Mo tún tẹ̀ ẹ́, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo fà á sí jíà kejì, ó já bọ́.

“Kí lò ń sáré sí?” ẹ̀gbọ́n mi bi mí.

“Ẹ̀gbọ́n mi, bíréèkì ti lọ! Ẹ bá mi di jíà yìí mú, ẹ má jẹ́ kó yọ!”

Mo tún fà á sí jíà kejì. Tẹ̀súbáà já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọ̀pá jíà, ó sùn lé e tòun tàyà, ó ń pe Ọlọ́run. Ẹ́ńjìnnì ń ké. Mo tẹ fèrè, mi ò gbọ́wọ́ kúrò. Àwọn ọmọ náà tú ká, ọ̀kan dúró láàárín títì, ó ń wò wá. Mo já sítíárì sí ọ̀tún, mo kọrí sí òkìtì yanrìn àwọn tó ń ṣe búlọ́ọ̀kù. Ọkọ̀ gun yanrìn, ó rì, ó kú.

Búrẹ́dì bò wá lórí. Nígbà tí mo gbójú sókè, ọmọ náà ṣì dúró níbẹ̀, ó ń sunkún.

Àwọn ènìyàn sáré dé. “Ẹ kú ewu o! Ẹ kú ewu!” Ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀ sórí yanrìn, ó dúpẹ́, ó sì ní kí wọ́n fi gbogbo búrẹ́dì náà ṣe sàráà fún àwọn ọmọ. “Àbúrò mi ló yọ mí,” ló ń wí fún gbogbo ẹni tó bá dé. “Ọlọ́run ló fún un lọ́gbọ́n.” Ojú ń tì mí débi pé inú ń bí mi sí i.

Wọ́n fi ọ̀kadà gbé mẹkáníìkì wá. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ṣí ike náà, ó rí ìfóòfó. Ó wò mí. Ẹ̀gbọ́n mi bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀.

“Sílíńdà ni,” ó wí, ó sì dé e padà. Lẹ́yìn gbogbo èébú tí mo bú u, ó tún bò mí láṣìírí.

Nígbà tí a délé, ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ fọ ìró rẹ̀ tó kún fún yanrìn. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìnkùlé.

“Ta ló gé ọṣẹ mi?”

“Èmi ni.”

“Kí lo fi fọ̀?”

Mo lè purọ́. Ọlọ́run mọ̀ pé irọ́ wà lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n mo rí ọwọ́ rẹ̀ níbi tí ọ̀pá jíà ti bó o, mo sì sọ gbogbo rẹ̀. Ó wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀ pẹ́, ó sì wọlé. Kò bá mi jà. Ì bá sàn kó bá mi jà.

Mo ra sílíńdà méjèèjì, mo ra rédíétọ̀ mìíràn dípò èyí tí yanrìn bà jẹ́, mo tún jíà ṣe. Mo lọ bẹ bàbá náà. Àpò fíláwà méjì tí mò ń ṣahun sí ti di mẹ́fà. Lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, ẹ̀gbọ́n mi jáde, ó dúró níwájú ọkọ̀.

“Ṣí i.”

Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Òun tí kò mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì nínú ọkọ̀, ó ti ìka bọ ike ọ́ìlì, ó fi ìka pa á, ó gbóòórùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó nu ìka náà sára aṣọ mi, ó sì wọlé jókòó.

Gbogbo ọjọ́ ọjà ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ títí di òní. Bí a bá sì dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn, á gbé ọwọ́ lé ọ̀pá jíà. Mo ti sọ fún un pé wọ́n ti tún un ṣe, kì í já bọ́ mọ́. Á ní òun gbọ́. Kì í gbọ́wọ́ kúrò.