Kẹ̀kẹ́ Tí Bàbá Mi Ń Tì

Títí di òní, inú máa ń bí mi bí mo bá rántí kẹ̀kẹ́ tí bàbá mi rà ní Ìtàjí, ìlú wa, kí ogun àwọn òyìnbó tó bẹ̀rẹ̀. Kó tó rà á, òun, ìyá mi àti èmi jọ máa ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí ọjà Ọ̀yẹ́ ni. Nígbà tó rà á tán, ẹsẹ̀ náà ló ṣì ń fi rìn, àfi pé ó wá ní ohun tó ń tì.

Bí a bá ń gun òkè, á tì í, torí òkè ga. Bí a bá ń sọ̀ kalẹ̀, á tún tì í, torí bíréèkì rẹ̀ kò mú. Níbi tó tẹ́jú, yanrìn ni kò jẹ́ kó gùn ún. Bí a bá dé odò, orí ló fi ń rù ú sọdá. Ìyá mi tó ru apẹ̀rẹ̀ iṣu ló máa ń dúró dè é.

Ṣùgbọ́n bí ilé àkọ́kọ́ ní Ọ̀yẹ́ bá ti yọ, bàbá mi á nu òógùn ojú, á gun kẹ̀kẹ́, á sì máa lu agogo kíkankíkan. Nígbà tí ikùn rẹ̀ tó yọ síta bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù, ó sọ fún gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì pé gígun kẹ̀kẹ́ ló ń mú ara òun le.

Lọ́jọ́ kan, ọrùn ń dun ìyá mi bí a ṣe ń gun òkè. Ó ní, "Bàbá ọmọ mi, ẹ jẹ́ ká so iṣu yìí mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́."

Bàbá mi wò ó bíi pé orí rẹ̀ ti dàrú.

Ó ní, "Lórí òkè yìí? Ṣé o fẹ́ kó rẹ kẹ̀kẹ́ ni?"